Àlejò Tí Kò Lẹ́nu

Láoyè ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé kò yẹ kóun sọ ọ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ nídìí tábìlì nínú ilé rẹ̀, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ni Wòléwòlé bá yọrí lójú fèrèsé. Ẹnu Láoyè kàn là fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ wá jẹun o."

Kí wá ni kó ti sọ? Ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́, tí ìyá rẹ̀ ti fi ṣíbí gbá lórí nígbà kékeré torí pé ó ń jẹun láì pe ẹni tó ń kọjá, bí olè bá bá a nídìí oúnjẹ, á ní kí olè wá jẹun ni. Olè náà á ní á gba ibi ire, á sì máa bá iṣẹ́ olè rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. A máa ń peni ni, ẹni tí a pè kì í wá. Ẹni tó bá wá, wọn ò kọ́ ọ nílé.

"Ẹ ṣeun, baálé," ni Wòléwòlé fi dá a lóhùn. "Mò ń bọ̀."

Láoyè gbé ṣíbí sílẹ̀.

Wòléwòlé yìí kì í ṣe èèyàn o. Irin ni látòkè délẹ̀. Orí rẹ̀ dà bíi kéègì epo tí wọ́n kùn ní funfun, ojú mẹ́ta ló wà lára kéègì náà, kò sí imú, kò sí ẹnu, inú àyà lohùn rẹ̀ ti ń jáde. Ìjọba rán ṣòkòtò kákí fún un torí pé àwọn abilékọ kan lọ fẹjọ́ sùn pé ìhòòhò rẹ̀ ń ti àwọn lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ṣòkòtò fẹ́ bò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ilé wò lẹ́sẹ̀ afárá Ọya, kí ilé kọ̀ọ̀kan tó gun afárá. Táyà ńkọ́, ó dáa? Òrùlé ńkọ́, kò jò? Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀? Tó bá ti rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni, á fọwọ́ lu ara ilé lẹ́ẹ̀mejì, ilé á sì máa lọ.

Báyìí ló wá ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó nu ẹsẹ̀ irin rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa àga, ó jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan bí àna tó wá tọrọ ìyàwó.

"Onílé," ni ohùn kan sọ látinú àjà, "a ti di méjì."

Ilé ló sọ̀rọ̀ yẹn. Láoyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, yàrá kan, ibùsùn kan, táyà mẹ́fà, pákó ara ọkọ̀ apẹja bàbá rẹ̀ ló fi ṣe ògiri ẹ̀ lọ́dún tí òkun gba àdúgbò wọn. Ó wá ra ohùn sí i nítorí òfin, torí pé ilé tí kò bá lè sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lójú títì. Katakata tó ń mu oòrùn ló ń fà á. Láti Ẹ̀pẹ́ ni Láoyè ti ń bọ̀ lóun nìkan, ó gba Ọ̀rẹ́, ó gba Ifẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti ilé tó ń kọrin láàárọ̀ títí tó fi yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Báwo la ṣe di méjì?" Láoyè bi ilé. "Irin nìyí."

Ilé rán an létí òfin. Ohunkóhun tó bá ti lè dáhùn tí wọ́n bá kí i, èèyàn ni. Ẹ̀rọ ìlọta kan ló pẹjọ́, ó sì borí, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kà wọ́n mọ́ èèyàn. Èèyàn méjì ò sì gbọdọ̀ wà nínú ilé kan lórí afárá, torí afárá ti darúgbó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé kan, èèyàn kan. Nítorí òfin yìí gan-an ni Láoyè ṣe ń dá rìn. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba ló ti kọ́kọ́ kó àwọn aboyún sọdá, Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ sì wà lára wọn. Ó ti wà lódìkejì, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ó ń retí ọkọ, ó ń retí ilé. Ẹni tó bá gbé ilé dé òdìkejì, wọ́n á fún ilé náà nílẹ̀ tó máa dúró sí. Ẹni tó bá dé lọ́wọ́ òfo, abẹ́ tapólì ni, òun àti òjò.

Ọ̀sán ti ń tẹ̀ sílẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á gbé afárá sókè nítorí àkúnya omi tó ń bọ̀, wọn ò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́ àfi tí ọyẹ́ bá dé.

Láoyè rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí ò le. Oúnjẹ làlejò bá wá, kó jẹun kó máa lọ. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́, ó fi ẹja tó nípọn jù lọ sí i lórí, ó gbé e síwájú Wòléwòlé. Wòléwòlé fi ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo abọ́ náà. Ó dúpẹ́. Ó sì tún kọ́wọ́ lé itan.

"Ẹ jẹun kẹ́ ẹ máa lọ, sà," Láoyè sọ. "Ilẹ̀ ń lọ."

"Mi ò lẹ́nu, baálé."

"Kí lẹ wá wá ṣe nídìí oúnjẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí."

Lẹ́yìn ilé rẹ̀, fèrè ti ń dún. Alájà Muníràtù ni, obìnrin kan tí ilé tiẹ̀ wà lẹ́yìn ti Láoyè nínú ìlà tó ń dúró de afárá, ilé pupa rúsúrúsú tó kún fún adìyẹ, adìyẹ kì í sáà dáhùn ìkíni. Ó wá kan ara ilé Láoyè gbàgbàgbà, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ níbẹ̀ ni? Láoyè bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó rojọ́. Alájà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí tí gèlè rẹ̀ fi ṣubú. Lẹ́yìn náà ló wá là á yé e pé wọ́n ti kéde ẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ará ìlú ló fẹ̀sùn kan àwọn Wòléwòlé pé wọ́n ń gbéra ga, pé èèyàn á pè wọ́n sóúnjẹ, wọ́n á kọ̀, wọ́n á ní á gba ibi ire bíi pé wọ́n ti yó. Ni ìjọba bá pàṣẹ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi lọ̀ wọ́n, kí wọ́n máa gbà á.

"Èmi ti tilẹ̀kùn mọ́rí jẹun láti àárọ̀," Alájà sọ. "Ìwọ wá ṣí fèrèsé sílẹ̀, ò ń ṣe ọmọlúàbí. Ọmọlúàbí ojú títì."

"Ẹ gbà mí, ìyá. Ṣé kí n lé e jáde ni?"

"Lé e. Ilé ẹ á ti ara ẹ̀ pa. Wọ́n ní ẹni tó bá lé àlejò kúrò nídìí oúnjẹ, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ò ní ṣí mọ́ láéláé. Àbúrò ọkọ mi lé ẹ̀rọ kan tó bá a nídìí ẹ̀wà láàárọ̀ yìí. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà fi omi fún un báyìí."

Láoyè padà wọlé. Ó gbìyànjú àtilé e láì lé e, bí a ṣe máa ń ṣe fún àlejò tó bá jókòó pẹ́. Ó yán títí tí párì rẹ̀ fi fẹ́ yẹ̀. Wòléwòlé ní kó pẹ̀lẹ́, ó ní afẹ́fẹ́ ilé náà ń fẹ́ dáadáa, kì í ṣe ẹ̀bi fèrèsé. Láoyè mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, àbùkù tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣe é fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò ní dé ilé náà mọ́ títí ayé. Wòléwòlé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó ní kó má gbàgbé abẹ́ ibùsùn. Ó wá yìn ín. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń yẹ ilé wò, òun ò tíì rí ilé ọkùnrin tó ń dá gbé tó mọ́ báyìí.

Ló bá rò ó pé ohun tó ṣẹ́kù ni kóun bá a jẹ oúnjẹ náà. Ó fa abọ́ mọ́ra, ó jẹ ẹ́ mọ́, ó lá ìka, ó ní ó dáa, oúnjẹ ti tán, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ilé ló dáhùn látinú àjà. Ó ní onílé tó bá jẹ oúnjẹ àlejò, ó gbọ́dọ̀ bu òmíràn. Láoyè bu òmíràn. Ó jẹ ẹ́. Ó bu òmíràn. Ìgbà tó fi rí ìsàlẹ̀ ìkòkò, inú rẹ̀ ti le bíi bọ́ọ̀lù, ó ń mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ, abọ́ tó gbẹ̀yìn sì wà níwájú Wòléwòlé, ẹja kan dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀ tó ń wò wọ́n. Tó bá jẹ ìyẹn náà, ilé ní á ní láti tún dáná. Iṣu ewùrà ò sì sí nílé mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá débi pé ó fi ṣíbí bu ìkọ́kọrẹ́, ó ń wá ibi tó máa gbà á wọlé lára irin náà. Ó rí ihò wẹ́wẹ́ láyà rẹ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde. Ó rọ ṣíbí kan síbẹ̀. Wòléwòlé ò bínú. Ohùn rẹ̀ kàn yí padà, ó wá ń dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ odò, ó ní ẹ ṣeun, baálé, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Láoyè jókòó sílẹ̀. Ó wo irin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń retí yín ni?"

"Kò sí," Wòléwòlé sọ pẹ̀lú ohùn abẹ́ odò yẹn. "Àwọn tó ń pè mí wá jẹun pọ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba ní kí n máa sọ pé á gba ibi ire. Mò ń sọ ọ́. Àárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n máa gbà. Ó ti ń wù mí tipẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó."

Bó bá jẹ́ oníjàgídíjàgan ni, Láoyè ì bá mọ bó ṣe máa bá a jà. Ìwà pẹ̀lẹ́ ló fi dè é mọ́lẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti pọ́n, ó ti ń sún mọ́ orí òkè lódìkejì odò. Ó lè rí àwọn èèyàn lọ́hùn-ún, wẹ́wẹ́ bí èèrà, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ìbídùn. Tó bá dúró ti ilé, Ìbídùn á bímọ láàárín àwọn àjèjì, ọmọ á ti máa rákòrò kí bàbá tó rí i. Tó bá fi ilé sílẹ̀, tó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, Ìbídùn á lọ́kọ, ṣùgbọ́n abẹ́ tapólì ni wọ́n á tẹ́ ọmọ náà sí, nínú ẹrẹ̀, látìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́. Méjèèjì ò ṣeé gbé mì.

Alájà tún ti dé ojú fèrèsé. Ó ní oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni, adìyẹ òun ti ń pòùngbẹ.

"O ò ṣe gbé ilé náà fún un pátápátá," ó fi bú u, "kó máa wà á lọ, kí ìwọ fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀?"

Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Láoyè ò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè sí àjà, ó bi ilé bóyá òfin sọ irú èèyàn tí ẹnì kan tó máa wà nínú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́. Ilé ní rárá, ẹnì kan ni ẹnì kan. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pín lódìkejì ńkọ́, ta ni wọ́n ń fún? Ilé ní ilé ni wọ́n ń fún, wọn ò bèèrè onílé. Ó ní ó dáa, máa gbé Wòléwòlé lọ, èmi á fẹsẹ̀ rìn.

"Mi ò lè gbé àlejò lọ láìsí onílé," ilé sọ. "Onílé ló gbọ́dọ̀ wà nínú mi."

Alájà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ọmọ yìí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "eré ni mò ń ṣe o."

Láoyè bi ilé bóyá èèyàn lè gba ilé tó fi tọrẹ padà. Ilé ní kò ṣeé ṣe kí ọdún méje tó pé. Ó bi í bí wọ́n ṣe ń fi tọrẹ. Ilé ní wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, létí ẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n fún á sì gbà. Láoyè fọwọ́ pa ògiri. Pákó yẹn ṣì ń rùn bí ẹja lójú òjò, ó sì mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ fín àmì sí i. Kò fẹ́ ronú pẹ́, torí tó bá ronú pẹ́, kò ní lè ṣe é.

"Ilé yìí kì í ṣe tèmi mọ́. Tiyín ni, Wòléwòlé."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta jáde tìpátìpá.

"Ẹ ṣeun," Wòléwòlé sọ. Wọ́n ti ní kó máa gbà.

"Ọ̀gbẹ́ni," ilé sọ fún Láoyè, "a pọ̀ jù nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni. Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló ń pè é ní ọ̀gbẹ́ni. Wòléwòlé dìde, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe yẹ kí onílé sin àlejò, ó ní kó kí ilé, kó kí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ irin jáde lójú fèrèsé, ó lu ara ilé tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Katakata kùn, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí, ilé gun afárá.

Láoyè sáré. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, irin ẹ̀ ti dípẹtà, omi pupa sì ń ru nísàlẹ̀, ó ń gbé igi lọ, ó ń gbé ẹ̀rọ amómitutù ẹnìkan lọ tòun ti ilẹ̀kùn ẹ̀ tó là sílẹ̀. Odidi ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ń sáré nínú rẹ̀ lọ́tọ̀, òun ń sáré lọ́tọ̀. Ó ń rí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rí Wòléwòlé lójú fèrèsé tó jókòó sídìí abọ́, tó ń wo odò bíi pé ó sanwó ìran. Nígbà tó yá, ilé ya á sílẹ̀. Alájà ló gbẹ̀yìn, adìyẹ ń ké nínú ilé rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn ilé Alájà àti ẹsẹ̀ Láoyè ṣe kúrò lórí irin báyìí ni afárá hó, ó sì dìde dúró sójú ọ̀run pẹ̀lú ìgbẹ̀yìn oòrùn.

Ìbídùn ti rí ilé látòkèèrè. Ó dìde lórí agbada tó dojú ẹ̀ dé tó fi ṣe àga, ó gbé ikùn, ó ń bọ̀ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó lu ara ilé, ó ní kí Láoyè sọ̀kalẹ̀ kóun wò ó bóyá ó rù. Ìlẹ̀kùn ṣí. Kéègì funfun yọ jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o," Wòléwòlé sọ, torí ìkọ́kọrẹ́ ti dà á lórí rú. "Ta lẹ̀ ń wá?"

Ìgbà tí Láoyè fi dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ìbídùn ṣì dúró síbẹ̀ tó ń wo irin náà. Láoyè sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì sọ ọ́ kó dùn.

"O gbé ilé wa fún Wòléwòlé," Ìbídùn sọ.

"Mo gbé e fún un."

"Torí ìkọ́kọrẹ́."

"Kò tiẹ̀ jẹ ẹ́."

Ìbídùn wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀ tó yọ síta ju ti òun lọ. Lẹ́yìn wọn, òjò ti ń kùn lórí odò, àwọn tí kò gbé ilé dé sì ti ń ja tapólì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó gun àkàsọ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí oyún gbà á láyè.

"Ẹ kú ilé, bàbá. Yàrá là ń wá."

"Yàrá kan ló wà," Wòléwòlé sọ, "mo sì wà nínú ẹ̀."

"A máa há a mọ́ra."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Méjì ni lónìí. Mi ò mọ ti ọ̀la."

Wòléwòlé fi ojú kan wo àjà, ó fi ojú kan wo ibùsùn, ó fi èyí tó kù wo ikùn Ìbídùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀, ó ti ń dún bí ohùn gbogbo onílé tí wọ́n ti ń bọ̀ látayébáyé. Ó ní kí wọ́n wọlé. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gún nǹkan lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn ò sì gbọdọ̀ gba àlejò láìsọ fóun.

Ìbídùn wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Láoyè dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i lórí. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó bọ́ èkejì, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n má bàa dínà. Ó nu ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan pákó bàbá rẹ̀, ó ní àgò onílé, ó sì dúró kí wọ́n ní kó wọlé.